Koríko ẹní ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún wa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ya fọ́tò jẹun ní Èkó gbé dúróònù rẹ̀ wá sílé nígbà ọdún Àjíǹde. Ó gbé e fò lẹ́yìn ilé, lórí igbó tó wà láàárín abúlé wa àti òkun, ó sì sáré gbé fóònù wá bá mi nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja.

"Màmá, ẹ wò ó! Igbó yín ti padà. Gbogbo rẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ó tutù. Láti òkè, ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìnkùlé wa dé etí òkun. Kí n tó nu omi ojú mi tán (èéfín ló fà á o, ẹ má rò pé mò ń sunkún ayọ̀), ó ti gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì ti ń kọ "Ọpẹ́ ni fún Olúwa" sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò ìyá mi, gba fóònù náà. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún sún un mọ́ ojú. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ewé ni mo rí. Ewé ta ni?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí.

Tíṣà ni Bàbá Kékeré ń pè mí, nítorí ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Òkìtìpupa kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú ìwé ni mo ti mọ igbó yìí. Inú omi ni òun ti mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan náà ni ìwé mi àti omi rẹ̀ ń sọ. Bí wọn kò bá fẹnu kò, omi ni mo máa ń gbà gbọ́.

Kí n tó dé orí igi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ koríko. Wọ́n mọ àwọn obìnrin Ìlàjẹ mọ́ ẹní híhun, ìyá mi sì wà lára àwọn tí àwọn oníbàárà ń wá láti Igbókọ̀dá. Inú àbàtà tó wà lẹ́yìn abúlé, níbi tí omi ti dùn, ni koríko ẹní rẹ̀ ti ń hù, láàárín igi ògùrọ̀ àti igi abùrà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, á fa ọ̀pá kan yọ, á fi eyín gé ìdí rẹ̀, á rún un lẹ́nu díẹ̀, á tutọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àṣà lásán ni. Ìgbà tí mo dàgbà ló sọ fún mi pé iyọ̀ lòun ń tọ́ wò. Koríko tó bá ti mu iyọ̀, bó bá gbẹ, ṣe ló máa ń ṣẹ́ lọ́wọ́ ahunní.

Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kó ẹrẹ̀ dé àdúgbò wa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá epo fẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa gbà wọ inú igbó. Wọ́n la ọ̀nà omi náà gbọọrọ, wọ́n là á títí ó fi kan òkun. Ṣáájú ìgbà yẹn, iyanrìn etí òkun ni ògiri wa: òkun wà níta, odò wà nínú. Nígbà tí wọ́n gé ògiri, òkun wọlé, kò sì jáde mọ́ títí di òní.

Kò sí ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò omi fún wa. Koríko ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún yẹn, ó kúrú, orí rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí iná rà á. Ìyá mi fa ọ̀kan yọ, ó rún un, ó tutọ́, ó tún rún òmíràn. "Iyọ̀," ó ní. Kò tíì sí ẹni tó gbà á gbọ́, nítorí omi náà ṣì dùn lẹ́nu bí òjò bá ti rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí igi ògùrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ògùrọ̀ ni abùrà wọ́wé, tí wọn kò sì rúwé mọ́. Wọ́n dúró sínú omi ní funfun bí egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyẹ nìkan ló ń bà lé wọn.

Nígbà tí mo wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo rí àlàyé rẹ̀ nínú ìwé. Bí iyọ̀ tó wà níta gbòǹgbò bá ti pọ̀ ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ, omi kì í fẹ́ wọlé mọ́, níta ló ń fà sí. Òǹgbẹ ló pa abùrà wa nínú omi tó mù ún dé ìdí.

Ibi tí àbàtà olómi dídùn yẹn wà ni igi ẹ̀gbà ń hù báyìí, igi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mangrove. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń wo àwòrán láti òfuurufú á ní igbó ẹ̀gbà Ìlàjẹ ń gbòòrò sí i, á sì pàtẹ́wọ́. Òótọ́ ló rí. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò pàtẹ́wọ́, nítorí ibi tí ẹ̀gbà dé, koríko ẹní ti kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, nígbà tí omi ti fà, èmi, Bàbá Kékeré àti ọmọ náà wọ ọkọ̀ igi. Mo ní kó fi dúróònù sílé. Bàbá Kékeré jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, a sì forí lé ìhà òkun láti lọ bi igbó náà léèrè ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ bá. Òun ló máa ń dúró sí bèbè omi, tó ń fi gbòǹgbò rìn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Mẹ́ta ni irú rẹ̀ tó wà ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tó ga jù, tó máa ń ṣáájú wọ inú omi, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhizophora racemosa. Níbi tó bá ti rí ẹrẹ̀ tó dára, ó lè ga kọjá 30 mítà. Bí ẹ bá wo gbòǹgbò rẹ̀ tó wà lókè omi, ẹ ó rí àwọn ihò wínníwínní tó dà bí èépá ara. Ibẹ̀ ló ti ń mí, nítorí afẹ́fẹ́ kò sí nínú ẹrẹ̀ tó dúró sí. (Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tó ń jáde látinú ẹrẹ̀ náà kì í ṣe àmì àìsàn o. Bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ọmọ Èkó wa bo imú títí a fi dé.)

Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń wo bí igi ṣe ga tó. Bàbá Kékeré fi àjẹ̀ kàn án léjìká. "Ilẹ̀ ni kó o wò."

Ó ní ìdí. Ẹ̀gbà kì í da èso rẹ̀ sílẹ̀ bí ọsàn. Orí igi níbẹ̀ ni èso ti ń hù, tí ọmọ rẹ̀ á na ara rẹ̀ jáde gùn bí ọ̀kọ̀, á sì máa fì títí yóò fi já bọ́. Bó bá bọ́ nígbà tí omi fà, ó lè gún ẹrẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá kún, á léfòó lọ wá ibòmíràn. Nítorí náà, níbi tí igbó ẹ̀gbà bá ti lálàáfíà, abẹ́ igi àti àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń dé máa ń kún fún ọmọ: ti ọdún yìí tó ní ewé méjì, ti èṣí tó ní mẹ́rin tàbí mẹ́fà, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a rí ibi kan tí igi ńláńlá méjìlá wà, ewé wọn ń dán, tí a kò sì rí ọmọ kan ṣoṣo nísàlẹ̀ wọn. Bàbá Kékeré sọ pé, "Ìlú arúgbó." Kò fi ohun mìíràn kún un. Láti ojú dúróònù, ibẹ̀ ló tutù jù.

Ti ewé pípọ́n náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé mi máa ń gbà pé ewé pípọ́n ni àìsàn. Bí ewé tó ti gbó, tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka, bá pọ́n tó sì bọ́, igi náà ló ti fa oúnjẹ inú rẹ̀ padà kó tó jù ú nù. Ọlọ́gbọ́n ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ewé ọ̀dọ́ tó wà ní ṣóńṣó ló ń pọ́n, tàbí tí ewé tuntun ń kéré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí ẹ̀ka tó yẹ kó ní ìdì ewé wá ku méjì lórí, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi ibẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀gbà ni ògbun, Avicennia nínú ìwé, máa ń wà, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Òun kì í rìn. Ṣe ló máa ń ti ọmọ gbòǹgbò gbọọrọgbọ sókè látinú ẹrẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, bí ẹni tó gún pẹ́ńsù ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílẹ̀. Ewé rẹ̀ ló máa ń tu iyọ̀ jáde. Bí oòrùn bá mú, ẹ ó rí iyọ̀ náà tó ń tàn lẹ́yìn ewé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń lá a bó bá ṣẹ́kù díẹ̀ kí oúnjẹ jinná. Mo já ewé kan fún ọmọ náà, ó lá a, ó ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n fún ní orógbó.

Ibẹ̀ la ti rí ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n da ẹrẹ̀ tí wọ́n wà sí, gàgàrà bí ebè, lórí pẹ́ńsù ògbun. Igi tí wọ́n bá bo imú rẹ̀, kí ni yóò fi mí? Àwọn ògbun tó wà lábẹ́ òkìtì náà kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń kú díẹ̀díẹ̀, nítorí òkìtì ti dí ọ̀nà omi tó yẹ kó máa wọlé, kó sì máa jáde lójoojúmọ́. Ẹrẹ̀ yìí gan-an, bó bá ti kúrò nínú omi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ máa ń di kíkan bí omi bátìrì. Ẹ̀gbà kò lè hù sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ewéko tó wá hù síbẹ̀ ńkọ́? Ewé Akíntọlá! Bẹ́ẹ̀ ni, ewé Akíntọlá tó máa ń gba oko àti ẹ̀gbẹ́ títì, òun ló dúró sórí òkìtì yẹn, láàárín igbó olómi iyọ̀, tó ń tanná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ewéko ilẹ̀ gbígbẹ ni. Bí mo bá tún ń kọ́ni lónìí, mi ò ní fún àwọn ọmọ ní ẹ̀rọ kankan, màá ní kí wọ́n lọ wo ibi tí ewé Akíntọlá bá dé nínú igbó ẹ̀gbà, kí wọ́n sì kọ sílẹ̀ pé omi kì í dé ibẹ̀ mọ́. Ó tutù nínú fọ́tò. Èmi ni mo fi ìka hàn án nínú fóònù rẹ̀ níbẹ̀: ìlà tútù gbọọrọ tó tẹ̀lé ọ̀nà omi náà, tí òun rò pé ẹ̀gbà ni.

N kò fẹ́ di gbogbo ẹrù lé orí àlejò. Ní ẹ̀yìn ibi tí àwa obìnrin ti ń gé igi ẹ̀gbà fi yan ẹja (igi rẹ̀ máa ń jó pẹ́, èmi náà ń lò ó, ẹ ti ka ti èéfín lókè), ewéko kan ti gba ilẹ̀ pátá. Ewé rẹ̀ dà bí imọ̀ ọ̀pẹ, ó nípọn, ó ga ju èèyàn lọ, ẹ̀yìn ewé tó ti gbó sì máa ń pọ́n bí ìpẹtà. Kì í tanná, kì í so èso. Acrostichum aureum ni orúkọ ìwé rẹ̀. Ọmọ igbó ẹ̀gbà ni òun náà, kì í ṣe àjèjì, ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi tí oòrùn wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ dé, yóò sì dí gbágbá débi pé ọmọ ẹ̀gbà tí omi bá gbé wá kò ní rí ẹrẹ̀ fẹsẹ̀ lé. Àpá ọgbẹ́ ni mo máa ń pè é. Bí àpá bá tóbi, ọgbẹ́ náà tóbi.

Àjèjì gidi wà níwájú, ní ibi tí odò ti yà. Nípà! Ọ̀pẹ Éṣíà. Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ló gbé e wá sí Calabar láti ọgbà ewéko Singapore ní 1906, wọ́n tún gbìn ín sí Oron ní 1912, wọ́n ní kó máa di bèbè omi mú. Láti ibẹ̀ ni èso rẹ̀ ti ń léfòó lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti odò dé odò. Kò ní igi tó dúró. Abẹ́ ẹrẹ̀ ni ìtì rẹ̀ ń rá pálá sí, imọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń yọ sókè. Ní Éṣíà tó ti wá, wọ́n ń fi í ṣe ọtí, ṣúgà àti òrùlé, n kò sì lè bú igi nítorí pé wọ́n gbé e kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ní ẹsẹ̀ tí ìṣáwùrú ń gùn, tí ọmọ ẹja àti edé ń sá pamọ́ sí. Nípà kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré mọ̀ ọ́n nínú àwọ̀n. "Bí mo bá da àwọ̀n síwájú ẹ̀gbà, mò ń rí ọbẹ̀. Bí mo bá dà á síwájú eléyìí, mò ń rí imọ̀."

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní àkókò yìí. Ó kàn ń fi fóònù ya ẹrẹ̀.

Epo ló kù. Ní January 1998, epo rọ̀bì tó tó 40,000 àgbá tú jáde ní Idoho, lójú òkun ìhà Akwa Ibom, ìgbì sì gbé e rìn títí dé Èkó. A rí tiwa nínú rẹ̀. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbà kò pa igi ní ọjọ́ kan, ó kàn ń dí ihò tó fi ń mí. Ewé á máa já díẹ̀díẹ̀ títí orí yóò fi pá. Ti Bodo ní ilẹ̀ Ogoni burú ju tiwa lọ fíìfíì. Epo tú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, nígbà tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sì gbé ìròyìn wọn nípa ilẹ̀ Ogoni jáde ní 2011, wọ́n kọ ọ́ pé gbòǹgbò ẹ̀gbà ń bẹ tí nǹkan bí ọ̀dà títì bò, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn, àti pé àtúnṣe ilẹ̀ náà lè gba ọdún 25 sí 30. Àmì kan tún wà tí mo máa ń wá láti ìgbà tí mo ti kà nípa rẹ̀. Ní Puerto Rico, àwọn onímọ̀ rí i pé níbi tí ìdọ̀tí epo ti wọnú ẹrẹ̀, àwọn igi ẹ̀gbà kan máa ń bí ọmọ tí kò ní àwọ̀ ewé rárá, àwọn mìíràn pupa, àwọn mìíràn pọ́n bí ìyeyè. Àfín ẹ̀gbà. Wọn kì í lè pẹ́, nítorí wọn kò lè se oúnjẹ ara wọn. A wo gbogbo ọmọ tó ń fì lórí igi tí a kọjá. Kò sí ọ̀kan. Inú mi dùn, n kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, Bàbá Kékeré yí ọkọ̀ padà sí òkè odò, kọjá abúlé, kọjá ibi tí mo mọ̀. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ pé omi ti ń dùn nìyí: ẹ̀gbà á kọ́kọ́ kéré, á wá tán. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth, tó wọ omi Nàìjíríà láti ìhà Benin ní 1984, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ títí dòní, ti ń fara hàn níwọ̀nba. Nítòsí òkun, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú kí iyọ̀ pọ̀, ṣe ló máa ń pọ́n, tó ń rà, tó ń rì. Nítorí náà, mo korìíra rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rí i lọ́jọ́ náà tó tutù minimini, ara mi yá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú oró gidi, tó lékè omi bí a ti ń gbà á ládùúrà. Lẹ́yìn náà ni igi ògùrọ̀ méjì, orí wọn pé.

Bàbá Kékeré ti ọkọ̀ wọ abẹ́ wọn, ó sì fi àjẹ̀ ya ewé sọ́tọ̀. Koríko ẹní wà níbẹ̀. Kò pọ̀, ó lè má ju àyè yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n ó gùn, orí rẹ̀ kò sì rà. "Èṣí ni mo rí i," ó ní. "Mi ò tíì sọ fún un."

Mo gé ìwọ̀nba tó kún ọwọ́.

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé koríko náà lé e lẹ́sẹ̀, n kò sọ ohun tó jẹ́. Ó fi ọwọ́ ra á láti ìdí dé orí, ó fa ọ̀kan yọ, ó gé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú eyín tó kù, ó sì ń rún un. A dúró. Ó pẹ́ kó tó tutọ́.

"Kò níyọ̀," ó ní. "Níbo lẹ ti rí i?"